Ara Ló Yá Ara: Iṣan Tí Wọ́n Yọ ní Itan Láti Fi Tún Orúnkún Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn eléré bọ́ọ̀lù, àwọn òbí wọn àti àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀rín ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi nìkan ni mo fò.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú ìkàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ò dáhùn. Ẹ ṣeun.

Mo júbà àgbà. Kábíyèsí Alákétu, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ pa ọjà tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ọjà yín á tà. Ẹ̀yin bàbá onígẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń so irin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tí ẹ ń jó títí ilẹ̀ fi ń mọ́, orúnkún yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ tòní. Ẹ̀yin kóòṣì, mo kí yín. Ẹ̀yin onízémì tí ẹ ń yọjú wo alùpùpù yín láti ojú fèrèsé, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní í gbé e.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹni tó pè mí síbí pè mí ní dókítà. N kì í ṣe dókítà. Kiné ni mí, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Dókítà ló ń gé, dókítà ló ń rán. Èmi ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀ fún lẹ́yìn náà. Bí ó bá wá san tán, àwọn èèyàn á ní dókítà ló wo ọmọ àwọn sàn, kiné ló fìyà jẹ ẹ́. Ó ti mọ́ wa lára.

Ìbéèrè tí mi ò rí dáhùn

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo. Agbábọ́ọ̀lù ni ọmọ náà, ọmọ Kétu yìí ni, n ò ní í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún òsì. Ìyá jókòó, ó wò mí títí, ó ní: “Dókítà, wọ́n ní wọ́n yọ iṣan ní itan ọmọ mi, wọ́n fi tún orúnkún rẹ̀ ṣe. Orúnkún ti ń dára, mo dúpẹ́. Itan ńkọ́? Kí ló wà níbi tí wọ́n ti yọ ọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ti eegun, mo sọ ti iṣan, mo fi èdè Faransé kún un, mo ya àwòrán sórí ìwé. Ìyá dákẹ́ títí mo fi parí. Ó wá ní: “Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn.”

Òótọ́ ló sọ. N ò dá a lóhùn. Ìyá náà wà níjókòó níbí lónìí, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sì ni èsì tí mo jẹ ẹ́. Ẹ̀yin yòókù, àlejò èsì ni yín.

Okùn tó já

Mo ra ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan lọ́jà láàárọ̀. Ẹni tó tà á fún mi bi mí bóyá ọbẹ̀ ata ni mo fẹ́ fi sè, mo ní rárá, ìwé ni mo fẹ́ fi kọ́ àwọn èèyàn. Ó wo ojú mi, ó tún owó kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yí ká, kí àwọn ọmọdé náà fọwọ́ kàn án.

Ẹ rí i bí eegun itan ṣe jókòó lé eegun ojúgun? Kò wọ inú rẹ̀ bí ọmọ odó ṣe ń wọ odó. Ó kàn gbé orí lé e ni, bí ìkòkò tí a gbé lé àwo pẹrẹsẹ. Kí ni kò jẹ́ kó yọ̀ dànù? Okùn ni. Okùn mẹ́rin gbòógì: méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, méjì wà láàárín gbùngbùn, wọ́n gba orí ara wọn kọjá bí igi ọgbà. Nítorí bí wọ́n ṣe gba orí ara wọn kọjá yìí ni àwọn ọmọ wa fi ń pè é ní croisé. “Croisé rẹ̀ ti já.” Gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Bẹ̀nẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni.

Ti iwájú nínú àwọn méjì náà ló sábà máa ń já. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ojúgun má sáré ju itan lọ síwájú, kí orúnkún má sì lọ́ bí ara bá yí lójijì. Ó gùn tó 3 sẹ̀ǹtímítà péré, àmọ́ ẹ má fojú kékeré wò ó. Nígbà tí wọ́n dán ti ọ̀dọ́ wò nínú ilé ìwádìí, agbára bíi 2,160 newton ló gbà kí ó tó já. Bí ẹni so ẹrù 220 kìló mọ́ ọn nìyẹn.

Báwo ló ṣe ń já? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní pápá lọ́jọ́ tí ti ọmọ yìí ṣẹlẹ̀, ta ló gbá a? Kò sẹ́ni tó gbá a. Ó sáré, ó fẹ́ yípo, ẹsẹ̀ dúró, ara yí. Ó gbọ́ “pọ́” nínú orúnkún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ti wú bí ẹ̀gúsí bàrà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nínú 10 irú rẹ̀, bíi 7 ni ẹnikẹ́ni ò fara kan ẹni tó ṣe.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. “Wọ́n ta á lọ́fà.” “Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàwó àbúrò bàbá sílẹ̀. Rodri, ọmọ Sípéènì tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester City nígbà náà, tirẹ̀ já ní oṣù kẹsàn-án 2024; oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀pá ló fi rìn lọ gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lágbàáyé. Alexia Putellas, agbábọ́ọ̀lù obìnrin ọmọ Sípéènì, tirẹ̀ já ní oṣù keje 2022. Òun náà gba Ballon d'Or ọdún yẹn nígbà tí kò tíì padà sí pápá. Ṣé ìyàwó àbúrò bàbá tiwọn náà ni? Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ti obìnrin tilẹ̀ tún ń já ju ti ọkùnrin lọ: nínú eré kan náà, bíi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Bí egungun wọn ṣe tò wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ bí wọ́n bá fò wà níbẹ̀. Àti pé, kí n sọ èyí tó ń dùn mí, a kì í fún àwọn ọmọbìnrin wa ní kóòṣì tó máa kọ́ wọn bí a ṣe ń fò tí a ń balẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni a kàn ń jù sí wọn.

Ibi tí wọ́n ti yá a

Okùn inú orúnkún tó bá ti já báyìí, bí wọ́n bá rán an, kì í sábà jinná. Inú omi orúnkún ló wà, ẹ̀jẹ̀ kì í lè dì yí i ká kó so ó pọ̀. Nítorí náà, òmíràn ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Níbo ni wọ́n á ti rí òmíràn? Lára ẹni náà gan-an ni. Kì í ṣe nǹkan tuntun: ní 1917, Hey Groves, dókítà kan ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gé nínú awọ líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan aláìsàn rẹ̀, ó gbà á gba inú eegun kọjá, ó fi ṣe okùn.

Lónìí, ibi tí wọ́n sábà máa ń yá a ni ẹ̀yìn itan. Ẹ jẹ́ ká wá a. Gbogbo wa, ẹ̀yin bàbá náà. Ẹ jókòó kí ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ fa ilẹ̀ sábẹ́ àga, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ má kúrò lójú kan. Ẹ ti ìka bọ ẹ̀yìn orúnkún, lápá inú, ibi tí àwọn ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń kọjú síra. Ẹ gbọ́ ọ? Okùn kan wà níbẹ̀ tó le gan-gan, bí ọsán dùndún tí onílù fún mọ́ apá. Ẹ̀yin onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Okùn yẹn ni. Òun àti èkejì rẹ̀ tó tín-ín-rín jù ú lọ, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń ti òkè itan bọ̀, wọ́n gba ẹ̀yìn orúnkún, wọ́n wá lẹ̀ mọ́ iwájú ojúgun lápá inú. Ibẹ̀ ni dókítà á ti la awọ, ojú ọgbẹ́ tí kò ju 2 tàbí 3 sẹ̀ǹtímítà lọ. Á fi ìkọ́ mú okùn náà, á ki irin kan tó ní ihò bọ̀ ọ́ bí ìgbà tí a ń ti ìlẹ̀kẹ̀ sórí òwú, á tì í lọ sókè títí okùn á fi kúrò lára ẹran. Ó lè jáde ní gígùn 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n á ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó di ìlọ́po mẹ́rin, ó nípọn tó bíi 8 mílímítà. Wọ́n á lu eegun, wọ́n á fà á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á kàn án mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé ń pè é ní DIDT. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ilé ìwòsàn, òun nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Okùn ìlọ́po mẹ́rin yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sínú orúnkún, ó le ju èyí tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ lọ. Wọ́n dán an wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì agbára rẹ̀. Kí wá ni a ń dúró dè? Ara ò kàn ń gba àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀, okùn náà á kọ́kọ́ kú díẹ̀, ara á tú u palẹ̀, á tún un hun. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni ó máa ń rọ̀ jù. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ìrora ti lọ, tí ọmọ á ní: “Kiné, ara mi ti yá, ẹ jẹ́ kí n lọ gbá bọ́ọ̀lù.” Ara rẹ̀ yá lóòótọ́. Okùn rẹ̀ ni kò tíì yá.

Ohun tó hù

Ìyá, èsì yín dé báyìí.

Ara ló yá ara. Orúnkún jẹ itan ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ta ló ń san án?

Ní 1992, dókítà ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Cross pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé kan. Wọ́n ti yọ okùn méjèèjì yìí lára àwọn aláìsàn kan. Nígbà tó yá, wọ́n fi wọ́n sínú ẹ̀rọ IRM tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n wo ẹ̀yìn itan, níbi tó yẹ kó ṣófo. Kò ṣófo. Okùn wà níbẹ̀.

Àwọn míì ò gbà. Wọ́n ní àpá lásán ni, pé ẹran tó dì ni. Ní Sweden, wọ́n pe aláìsàn 6 padà, wọ́n gé bíńtín nínú ohun tó hù yẹn, wọ́n fi í sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ìwé wọn jáde ní 2001. Ohun tí wọ́n rí jọ okùn iṣan gidi. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìwádìí ti tẹ̀ lé e, èsì wọn ò sì jìnnà síra: nínú èèyàn 10 tí wọ́n yọ ọ́ lára wọn, bíi 7 sí 9 ló ń hù padà fún.

Ẹ mọ orúkọ tí àwọn dókítà sọ ọ́? Ìrù alángbá. Ṣùgbọ́n èmi á ní ìrù ọmọńlé. Kò sí ọmọdé tó dàgbà ní Kétu tí kò fi ìgbálẹ̀ lu ọmọńlé lára ògiri rí. Ó sá lọ, ìrù ń jà nílẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọńlé kan wà lára ògiri kan náà, ìrù rẹ̀ kúrú, ó sanra, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ ò mọ̀ bóyá òun ni. Òun ni.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Nígbà tí wọ́n fa okùn jáde, ọ̀nà tí okùn gbà kò dí. Ó dà bí ihò tí òkété gbẹ́ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á kún inú ọ̀nà náà, á dì. Ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn. Láti òkè ló ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ibi tí ẹran itan kù sí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ hun máa ń rọ̀, kò tò, bí òwú tí ọmọdé fọwọ́ rú. Bí ẹran itan bá ṣe ń fà á lọ, tó ń fà á bọ̀, òwú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ọ̀nà kan. Oṣù mẹ́ta, ó ti ń hàn lápá òkè. Oṣù mẹ́fà, ó lè ti dé itòsí orúnkún. Kó tó dà bí okùn gidi, ó lè gba ọdún kan, ó lè gba oṣù 18.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Mo mọ̀ pé ẹ mọ òwe yẹn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ẹ ń pè mí lórí fóònù lóṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yin ni mò ń pa á fún.

Mo sọ ti ọmọńlé, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Bí ẹ bá la ìrù tuntun ọmọńlé, ẹ ò ní í bá eegun kéékèèké tó wà nínú ti àtijọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ rọ̀ bíi ti inú etí wa yìí. Ó padà, kì í ṣe òun gan-an. Bákan náà ni ti itan. Okùn tuntun kì í fi gbogbo ìgbà dé ibi tí ti àtijọ́ dé. Nígbà míì, ó máa ń dúró lókè, á lọ lẹ̀ mọ́ awọ iṣan ẹ̀yìn ojúgun dípò iwájú eegun. Ẹran itan tó ń fà á náà máa ń kúrú, á sún sókè, á sì kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan tó yí padà, ó purọ́. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n ti sọ itan ọmọ yín di òfìfo, òun náà purọ́.

Ìyá àgbà àti ìkúnlẹ̀

Níbo ni ìyàtọ̀ yẹn ti ń hàn? Bí ọmọ bá ń rìn, ẹ ò ní í rí i. Bó bá ń sáré lójú títì, ẹ ò ní í rí i. Àwọn iṣan ẹ̀yìn itan yòókù wà níbẹ̀, aládùúgbò rere ni wọ́n, wọ́n á gba iṣẹ́ ṣe. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ká wọlé dáadáa, tí gìgísẹ̀ ń wá ìdí, ibẹ̀ ni aládùúgbò ò ti lè ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí ọmọ yìí dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Mo ní kó fi agbára ara rẹ̀ ká ẹsẹ̀ ọ̀tún. Gìgísẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí. Mo ní kó ká ti òsì. Ó ká a, ó ká a, ó dúró. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ wọn àlàfo tó kù: ìbú ọwọ́ mi méjì. Ó yí orí padà, ó ní: “Mo sọ fún un kó lọ, kò gbọ́.” Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ olórí-kunkun.

Nílé wọn ní Kétu níbí, ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ náà ko. Ọmọ dé láti Àjàṣẹ́, ó nàró, ó ní “Ẹ káàárọ̀, Ìyá.” Ìyá àgbà ò dáhùn. Ọmọ ṣàlàyé pé orúnkún òun ni, pé awọ iwájú ojúgun òun kú tipiri níbi kan, bí ẹni pé awọ ẹlòmíràn ni. Òótọ́ nìyẹn, irú kíkú bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nítosí ojú ọgbẹ́. Ìyá àgbà ní òun gbọ́, àmọ́ ta ni yóò sọ fún ilẹ̀ pé kí ó máa retí ìkúnlẹ̀ òun? Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo ara wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ní: “Tẹrí ba. Bí o bá ti tẹrí ba, màá gbà á títí oṣù mẹ́sàn-án.” Àgbà ò sí nílé ni ilé fi ń bàjẹ́.

Mo sọ èyí nítorí pé ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwé àwọn òyìnbó tó ń jókòó sórí àga ni. Wọ́n ní kíká ẹsẹ̀ dé òpin kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ tí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tí a ti ń jókòó lórí ẹsẹ̀ kírun, tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ fọ abọ́, tí a ti ń lóṣòó tu koríko ẹ̀gẹ́, ó ń dí ni lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe ń lo ẹsẹ̀ yín. Ibòmíràn wà tí wọ́n ti lè yá okùn, bíi iwájú orúnkún. Tibẹ̀ ní ìyọnu tirẹ̀, ó tilẹ̀ ń dun ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣáà bi wọ́n.

Bàtà mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, kí ẹ má rò pé àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ló ń ṣe àṣìṣe. Croisé tèmi náà ti já rí, níbi eré ọjọ́ Àìkú, èmi pẹ̀lú ikùn mi yìí. Wọ́n ṣe é fún mi, DIDT bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mo ti ń rìn láìlo ọ̀pá. Mo dé láti ibi ìsìnkú kan, òjò ti rọ̀, bàtà mi lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. N kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo fi gìgísẹ̀ bàtà kọ́ etí àtẹ̀gùn, mo fà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. “Tá!” Ẹ̀yìn itan. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara ti dúdú láti itan dé ẹ̀yìn ojúgun.

Kí ló já? Okùn inú orúnkún wà níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ń hù bọ̀ nínú ihò òkété yẹn ló ya. Òwú rírọ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èmi fi fa bàtà tó kún fún omi. Èmi tí mo ń sọ fún àwọn aláìsàn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má fi agbára ká ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́! Ìyàwó mi bi mí pé kiné wo ló ń tọ́jú mi, kí òun lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Àwọn kan ń wò mí pé Kétu ni a wà, kò sí ilé ìdárayá onífèrèsé gíláàsì níbí. Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, bí a bá ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, bí ẹni tó ń tọ́jú yín bá ti fọwọ́ sí i, ẹ dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ẹ fi aṣọ sábẹ́ gìgísẹ̀, ẹ máa fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ìdí díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè bí afárá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ dì yanrìn sínú àpò kékeré, ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ máa ká a. Ibi tó ti ń gbọ̀n yẹn ni kí ẹ ti ṣe é jù. Òwú ò lè tò bí ẹnikẹ́ni ò bá fà á. Bí ẹ bá fà á jù, á já. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ kiné wà.

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń to eegun, mi ò wá bá yín jà. Mo ti rí ibi tí ọwọ́ yín ti dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti yọ iṣan lẹ́yìn itan rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ kíkankíkan ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọ̀nà yẹn, tí ọwọ́ yín ń gbọ́ bí kókó, tí ẹ fẹ́ tú ká, inú rẹ̀ ni okùn ti ń hù.

Ní ti pápá, oṣù mẹ́sàn-án ni. N kò ṣàdédé sọ ọ́. Ní Norway, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ọdún méjì, wọ́n gbé èsì jáde ní 2016. Títí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ á fi pé, oṣù kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi dúró sí i kó tó padà sí eré, ń gé ewu kí orúnkún tún bàjẹ́ kù ní 51 nínú 100. Ẹni tó kéré sí ọdún 25 tó padà sí eré líle, bíi ọ̀kan nínú mẹ́rin ló tún ń já, yálà ẹsẹ̀ náà tàbí èkejì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ oṣù mẹ́sàn-án ju kóòṣì lọ. Ta ló ń pàṣẹ fún oyún oṣù márùn-ún pé kó jáde nítorí pé ìdíje dé?

Owó, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó já ló gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sábẹ́ ọ̀bẹ kíákíá. Ní Sweden, wọ́n pín ọ̀dọ́ 121 sí ọ̀nà méjì. Àwọn 59 nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá kiné nìkan, pé bí kò bá gbà, kí wọ́n ṣe é nígbà tó bá yá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 23 nínú wọn ló ti ṣe é. Àwọn 36 ò ṣe é, orúnkún wọn kò sì burú ju ti àwọn tó sáré ṣe é lọ. Kí ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fún oṣù mẹ́ta ìdárayá láyè, ẹ bi dókítà bóyá ti ọmọ yín jẹ́ irú èyí tó lè dúró.

Ìbéèrè ìyá eléwébẹ̀

Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ nawọ́. Ó ní: “Ẹ ní ó ń hù. Ṣé ó wá dà bí gbúre, tí a ń já tó tún ń rú, tí a tún lè já?”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo sọ fún un pé àwọn dókítà díẹ̀ ti ṣe é rí: okùn tó hù padà, wọ́n tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan-lọ́gbọ̀n ni. Bí orúnkún bá tún já, wọ́n á kúkú lọ sí ẹsẹ̀ kejì tàbí iwájú orúnkún, nítorí èyí tó hù kì í dọ́gba, òmíràn nípọn níhìn-ín, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Ó ní: “Gbúre ẹlẹ́ẹ̀kejì náà kì í tóbi tó ti àkọ́kọ́.” Mo ní ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ.

Nígbà tí wọ́n ń ká àga, ìyá tó bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ti jẹ́ oṣù 11 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ó ní kí ọmọ jókòó, kó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wa. Ó ti ìka bọ ẹ̀yìn orúnkún ọ̀tún, ó mi orí. Ó ti ìka bọ ti òsì. Ó wá a, ó wá a, ó gbé ìka sókè díẹ̀ sí apá itan. Ó dúró.

“Ó wà níbí,” ó ní. “Ó ti kó kúrò nílé tó wà tẹ́lẹ̀.”